Omi Tí Wàhídì Fi Ṣe Sàráà

Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́ mi dáadáa: bí omi odò kan bá wà lórúkọ rẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, má fi ṣe sàráà o. Kọ́kọ́ béèrè ná. Wàhídì ò béèrè.

Òun àti Sururat ìyàwó rẹ̀ ló jọ ra ilẹ̀ náà, lórí òkè ní New Mexico, ọ̀nà jíjìn réré sí ilé wọn ní Pleasant Grove, ní Dallas. Ilẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí omi odò kékeré tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin kan wà létí odò náà. Bí o bá ṣí i, omi á gba inú kòtò wọ oko. Sururat ló fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Bí ooru bá mú, tí ìsinmi bá dé, wọ́n á wakọ̀ lọ, obìnrin náà á ká ṣòkòtò nọ́ọ̀sì rẹ̀ dé orúnkún, á máa fi ṣọ́bìrì darí omi sí ìdí koríko tí wọ́n ń gé fún àwọn tó ń sin màlúù.

Nígbà tí Sururat kú, àáfà ní mọ́ṣáláṣí wọn sọ pé kò sí sàráà tó dà bí omi fún òkú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Wàhídì lára. Ó wakọ̀ lọ sórí òkè, ó ti ilẹ̀kùn irin náà pa, ó ní, "Yá Allah, omi yìí di ti Sururat. Ohunkóhun tó bá mu ún, kó jẹ́ láàdá fún un." Kò ṣí i mọ́ láti ọjọ́ náà, ọdún sì ń gorí ọdún. Omi ń bá odò lọ. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní tráùtì wà níbẹ̀, omi tútù nìkan ló lè gbé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú odò yẹn tẹ́lẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ẹja yẹn ló fa Jessica wá. Ẹgbẹ́ tí Jessica ń bá ṣiṣẹ́ ní Dallas máa ń ra ẹ̀tọ́ omi lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí omi náà lè dúró sínú odò fún ẹja títí láé. Títí láé yẹn ló dùn mọ́ Wàhídì, ó sì gbà láti tà á. Bó bá tilẹ̀ kú lọ́la, sàráà ìyàwó rẹ̀ ò ní dáwọ́ dúró.

Ó wá ku kí ìjọba fọwọ́ sí i. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì Jessica, Wàhídì àti Rùqáyyàh ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Denton. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi wà lójú kọ̀ǹpútà, láti New Mexico. Ojú kejì tó yọ lórí kọ̀ǹpútà náà ni ti Albert, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lókè odò. Wàhídì ò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má mikàn," Jessica sọ fún un. "Wọ́n á kàn bi yín bóyá ẹ ń fi omi náà rin oko. Ẹ̀tọ́ omi tí ẹni tó ni ín ò bá lò fún ọdún mélòó kan, ó ti kú nìyẹn. Kò ní sí nǹkan tí a máa rà."

Wàhídì rọra yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sọ Yorùbá. "Kí ló sọ yẹn?"

"Dádì, ìgbà wo lẹ lo omi yẹn gbẹ̀yìn?"

"Kí màmá ẹ tó kú."

Rùqáyyàh dijú. "Subhanallah."

"Ṣebí inú odò náà ni wọ́n ń fẹ́ kó wà? Inú odò ni mo fi í sí."

"Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbé e jáde ni, kí wọ́n lè wá sanwó fún yín pé kẹ́ ẹ má gbé e jáde mọ́."

"Irú ọgbọ́n wo nìyẹn?"

"Ti Amẹ́ríkà."

"Bí ẹ̀tọ́ yẹn bá wá kú, ta ló máa jogún ẹ̀?"

"Albert ti ń béèrè fún un. Oko ẹ̀ ló fẹ́ fà á sí."

Òṣìṣẹ́ náà ní kí Wàhídì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó gbé e. Ó fi Allah búra pé òótọ́ lòun máa sọ.

"Ẹ bi í ní koríko tó ń gé fún màlúù," Albert sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gún ló kún oko ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí koríko tútù kan níbẹ̀, èmi fúnra mi ni màá jẹ ẹ́."

Òṣìṣẹ́ náà ní kó dákẹ́.

Rùqáyyàh fẹnu sí bàbá rẹ̀ létí. "Please, ẹ ṣáà sọ pé ẹ lò ó. Nítorí màmá mi."

"Kí n wá fi irọ́ kún sàráà ẹ̀?"

"Bẹ́ ẹ bá sọ òótọ́, odò á gbẹ. Ẹja á kú. Kí ló wá kù fún màmá mi, Dádì?"

Wàhídì rò ó wò. Bó bá ní òun lò ó, ó ti búra èké, níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìjọba tí kò tíì fún un ní ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Bó bá ní òun ò lò ó, òun fúnra rẹ̀ ló gba omi kúrò lẹ́nu òkú.

"Ọ̀gbẹ́ni," òṣìṣẹ́ náà pè é, "ṣé ẹ fi omi náà rin oko yín lẹ́yìn ikú ìyàwó yín?"

"Omi náà ń ṣiṣẹ́."

"Nínú oko?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Jessica ti yíjú sí i. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Bẹ́ ẹ ò bá dáhùn," òṣìṣẹ́ náà sọ, "a máa ṣèpinnu láìsí ọ̀rọ̀ yín."

Wàhídì gbé ọwọ́ tó fi búra kalẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún.

"Dádì, ẹ sọ nǹkan."

"Allah tí mo fa omi náà lé lọ́wọ́ mọ ohun tí mo fi ṣe. Ẹ má bi mí mọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."