Bọ́ọ̀lù Tí Harlan Kò Jù

Iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ Harlan Dubiel. Bí ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Zelma, ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Ajùbọ́ọ̀lù arọ́pò ni Harlan nínú eré bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré á máa ju bọ́ọ̀lù lọ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn pápá ni Harlan àti àwọn arọ́pò yòókù máa ń wà, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà yíyan, wọ́n á máa da èèpo rẹ̀ sílẹ̀, títí tẹlifóònù ara ògiri tí kóòṣì fi ń pè wọ́n wọ pápá á fi dún. Bí kò bá dún, ó di ọ̀la.

"Lorna, ọmọ mi," Màmá Zelma á ní, "ṣé ọkọ rẹ ò tíì ríṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ ló ń ṣe, Màmá."

"Ìjókòó! Ṣebí èmi náà ń jókòó. Ta ló ń sanwó fún mi?"

Ọwọ́ òsì ni Harlan fi ń ju bọ́ọ̀lù, ọwọ́ òsì yẹn ló sì ń bọ́ ọ. Ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kiri láti Texas dé Maine, nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ atutù wọn kì í ṣiṣẹ́ àfi nígbà òtútù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ ńlá máa ń pè é, wọ́n á sì ti dá a padà kó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Àwọn tó ń lu bọ́ọ̀lù ti fìyà jẹ ẹ́ dáadáa níbẹ̀. Wọn ò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí pé òun ni ajùbọ́ọ̀lù tó borí. Irun rẹ̀ ti ń funfun, eékún rẹ̀ ti ń ké, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibi tóun máa bá a dé náà nìyẹn.

Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni ọlọ́wọ́ òsì tí ẹgbẹ́ ńlá Milwaukee gbójú lé kọsẹ̀ lára ajá rẹ̀, tó ṣubú, tó sì dá lọ́rùn ọwọ́. Harlan fóònù ìyàwó rẹ̀ nílé wọn ní Keokuk.

"Lorna, Milwaukee ní kí n máa bọ̀."

"Yéè! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ajá ló gbé ẹnì kan ṣubú."

Lorna àti Màmá Zelma kó sínú mọ́tò, ó di Milwaukee. Ọ̀sán Sátidé ni eré náà, oòrùn sì mú bí iná. Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, àmì kan ni àwọn àlejò fi ń léwájú, ẹnì kan lára wọn sì dúró sí ibùdó kìíní, ó ń wá ọ̀nà bó ṣe máa sá lọ sí ìkejì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù kí onílé, ìyẹn Milwaukee, lé jáde kó tó kan àwọn náà láti lu bọ́ọ̀lù. Àmọ́ Duke Terwilliger ló kàn láti lù ú. Ọrùn ọkùnrin yẹn ki bí ìtì igi, igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù sì dà bí igi ìtayín lọ́wọ́ rẹ̀.

Tẹlifóònù dún. Harlan da ẹ̀pà nù, ó rìn wọ pápá. Kóòṣì Burdette ti ń dúró dè é lórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù.

"Bàbá, ṣé apá yẹn ṣì wà lára yín?"

"Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀, sà."

"Ó dáa. Ẹ bá mi lé ọ̀bọ yìí lọ."

Terwilliger dá a mọ̀. Nígbà kan ní Toledo, ó ti gbá bọ́ọ̀lù Harlan kọjá ògiri pápá, ó bọ́ sínú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá! Ẹ rọra jù ú o, kí n má ṣe yín léṣe!"

Lórí ìjókòó, Lorna fọwọ́ bojú, nítorí kò lè wo ọkọ rẹ̀ bó bá ń ju bọ́ọ̀lù. Màmá Zelma ní tirẹ̀ ti lọ tò fún sọ́séèjì.

Harlan di bọ́ọ̀lù mú. Ó wo Terwilliger, Terwilliger náà ń wò ó. Ó ń wá ohun tó máa fi sún ìyà yẹn síwájú díẹ̀, kò sì rí nǹkan kan, ló bá yíra padà lójijì, ó ju bọ́ọ̀lù sí ibùdó kìíní.

Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti kúrò lórí ibùdó, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kàn nígbà tí kò sí lórí ibùdó, ó ti jáde nìyẹn. Ọkọ̀ òfurufú kan ló ń kọjá lókè, ó gbójú sókè ó ń wò ó. Kó tó mọ̀, wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Jáde!" ni adarí eré lọgun.

Ó parí. Harlan ò tíì ju ẹyọ kan sí Terwilliger. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Ó kan onílé. Wọ́n lu bọ́ọ̀lù gbà-á, gbà-á, wọ́n gba àmì méjì, wọ́n borí. Bẹ́ẹ̀, òfin eré náà ni pé ẹni tó wà lórí òkìtì gbẹ̀yìn kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbawájú, òun ni wọ́n á kọ ìṣẹ́gun náà sí lórúkọ. Harlan ń tú bàtà lọ́wọ́ nígbà tí àwọn oníròyìn ya dé.

"Ọ̀gbẹ́ni Dubiel, ìṣẹ́gun yín àkọ́kọ́ nìyí! Irú bọ́ọ̀lù wo lẹ jù?"

"Mi ò ju ìkankan."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọgbọ́n àgbà ni.

Níta, Màmá Zelma ń bọ̀ pẹ̀lú sọ́séèjì, músítádì tó ń ta lẹ́nu tí wọ́n fi pa á ti kùn ún dé àgbọ̀n.

"Harlan, ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Mo ti parí, Màmá. A tiẹ̀ ti borí."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tẹ́ ẹ wà nídìí sọ́séèjì."

Màmá yíjú sí Lorna. "Ìwọ ńkọ́? Ṣó o rí i?"

"Mo fọwọ́ bojú, Màmá."

Màmá Zelma wo àwọn méjèèjì, ó mí kanlẹ̀, ó bu sọ́séèjì rẹ̀ sí méjì, ó gbé èyí tó tóbi fún Harlan. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ obìnrin náà, kò tíì fún un ní irú ẹ̀ rí. Harlan jẹ ẹ́ lórí ìdúró, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó ní músítádì ló fà á.

Lọ́jọ́ kejì, Kóòṣì tún pè é wá kojú Terwilliger. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ jù ni ọkùnrin náà gbá kọjá gbogbo èrò, tí wọn ò sì rí i mọ́. Wọ́n dá Harlan padà sí ẹgbẹ́ kékeré kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà tí ìgbà eré tán, òun fúnra rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, ó padà sí Keokuk, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama níbẹ̀ ní bọ́ọ̀lù. Kò tíì fún èyíkéyìí nínú wọn láyè láti wo òkè bí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá.