Ìpín Ẹni Tí Kò Rìn

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti inú ihò ìwakùsà wá sókè ò fẹ̀ rárá, àwọn tó sì fẹ́ gbabẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Fáànù ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi ń sọ̀rọ̀, bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta bàbà ń sọ̀rọ̀, fìtílà orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan náà sì ń sọ ibi tí ẹni tó dé e wà. Kasonde ló ń jókòó sí ọ́fíìsì òkè, tó ń fi kọ̀ǹpútà pín àyè fún wọn. Ọ̀gá ò fẹ́ kí bẹ́líìtì dákẹ́ láé. Ọ̀gá wo ló fẹ́ kówó dákẹ́?

Kasonde bá dá ọgbọ́n kan. Fìtílà ẹni tó ń rìn á máa sọ̀rọ̀ lemọ́lemọ́. Ti ẹni tó dúró sójú kan á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìdajì wákàtí. Ẹni tó jókòó, kí ló tún fẹ́ sọ? Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Bwembya, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbẹ́ òkúta nísàlẹ̀, gbọ́, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí àna ṣe ń fi àna ṣeré; mulamu, ìyẹn àna, ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Mulamu, o mà burú o! Tí mo bá ti jókòó ti oúnjẹ nshima mi, o ti dì mí lẹ́nu nìyẹn?"

"Ẹnu yín kì í sinmi nílé, mulamu. Ẹ jẹ́ kó sinmi lábẹ́ ilẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ tí òkúta já lu Bwembya, tó há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, Kasonde rí i lójú kọ̀ǹpútà pé kò kúrò lójú kan. Ó ní, "Mulamu mi ti ń jẹun." Bẹ́ẹ̀ Bwembya ti ń tẹ bọ́tìnì pupa tó wà lára fìtílà, tí wọ́n fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Kasonde ò rántí pé igbe bọ́tìnì náà á máa bá fìtílà dúró de àyè ni. Nígbà tí igbe ọ̀hún fi dé òkè, tí àwọn agbẹ̀mílà fi sáré wọlé, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni òkúta tún ti já, ó sì dí gbogbo ọ̀nà pa.

Wọn ò rí òkú gbé jáde. Mwaba, ìyàwó Bwembya, jókòó lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin tó ń sunkún.

"Kasonde, ṣé ó pè?"

"Ó pè, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń pè tipẹ́. Èmi ni mi ò fún un láyè."

Mwaba yí ojú sí ògiri.

Kasonde padà sí ọ́fíìsì, ó yí òfin náà padà: ẹni tí kò bá rìn ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n yìí mà wọ́n o! Lójú ẹsẹ̀, orúkọ Bwembya yọ ṣíwájú gbogbo orúkọ, ó ń pọ́n yòò, fìtílà rẹ̀ ṣì ń pè lemọ́lemọ́ láti abẹ́ òkúta.

Ọ̀gá ní, "Yọ ọ́ kúrò. Ó ń gba àyè bẹ́líìtì."

"Ẹ yọ bẹ́líìtì."

Kasonde jókòó ti orúkọ náà, ó ń fún un ní gbogbo àyè tó fẹ́, títí bátìrì fìtílà náà fi kú.