Obìnrin Tí Wọ́n Gbà Láti Bá Pàpá Jókòó

Iṣẹ́ tí Hidayah ṣe nílé Pàpá Sagbo ní Imeke, nítòsí Àgbádárìgì, kò ní orúkọ gidi kan. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Rewájú, ọmọ kan ṣoṣo tí Pàpá bí, ló pè é lọ́jọ́ kan tó ní, “Àǹtí, ẹ kàn máa bá bàbá mi jókòó ni. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, láti aago méjì ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú. Màá máa sanwó lóṣooṣù.” Opó ni Hidayah, ọmọ Ìlaròó tó ń gbé ládùúgbò náà, ilé ìwé tó ti ń se oúnjẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró ni. Ó gbà. Rewájú ní tirẹ̀ wà ní Òjó, níbi tó ti ń ya fídíò ìgbéyàwó, tó ń wá bí òun náà yóò ṣe di ẹni tó ń ṣe fíìmù.

Lóṣù àkọ́kọ́, owó ló ń gbé Hidayah lọ. Ká má purọ́. Pàpá ti wa ọkọ̀ ojú omi láàárín Àgbádárìgì àti Topo fún ogójì ọdún, Yorùbá rẹ̀ sì pọn Ẹ̀gùn sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Bí wọ́n bá gbé omi fún un, á ní “Awanu,” á wá rántí, á ní “O ṣeun.” Wọ́n á ta dráàfù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pàpá á rẹ́ ẹ jẹ, á tún máa pariwo pé Hidayah ló ń rẹ́ òun jẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, Hidayah ti ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ tí kò sí nínú àdéhùn. Kò sọ fún Rewájú.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jọ jókòó. Lẹ́yìn náà ni Àmínátù, ọmọ Hidayah, bímọ ní Ìlaròó, ìyá rẹ̀ sì lọ ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló tọrọ. Ọjọ́ kẹta ni aládùúgbò kan pè é pé Pàpá ti lọ. Orí àga ni wọ́n ti bá a lọ́sàn-án, pátákó dráàfù níwájú rẹ̀, ó ti to ọmọ dráàfù sí ìhà méjèèjì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dá Hidayah lẹ́bi. Òun nìkan ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan tí wọ́n sìnkú nígbà tí Rewájú ya ilé Hidayah.

“Àǹtí, mo fẹ́ ṣe fíìmù. Obìnrin kan ni, wọ́n ń sanwó fún un pé kó máa bá àgbàlagbà kan ṣọ̀rẹ́. Ilé bàbá mi la ti máa yà á. Mi ò lówó òṣèré. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe obìnrin yẹn.”

“Èmi? Ta ló ní mo mọ eré ṣe?”

“Ẹ kàn máa ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ló mú un. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì wọ ilé yẹn. Ó rò pé ìrántí bàbá ni ọmọ fẹ́ ṣe.

Kámẹ́rà kan ni wọ́n ní, àti iná méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa kí wọ́n tó lè gba ohùn sílẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ló ṣe bàbá náà. Nígbà tí kò sówó aṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì Pàpá ni wọ́n wọ̀ fún un, fìlà Pàpá ni wọ́n sì dé e. Hidayah wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rí i láti ẹ̀yìn. Díẹ̀ ló kù kó pè é ní Pàpá.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún un ní ojú ìwé kan tàbí méjì tó máa sọ. Wọn ò fi gbogbo ìtàn hàn án, òun náà ò sì bèèrè. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó ta dráàfù, ó rìn létí ọ̀sà, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn tí Ajíbóyè bá rẹ́rìn-ín, Rewájú á gbé ojú kúrò nínú kámẹ́rà, á ní, “Ṣé báyìí náà ni bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín?” Hidayah á ní, “Tiwọn tún pariwo jù báyìí lọ.” Rewájú á tún gbé ojú padà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìwé tí wọ́n fún un sọ pé obìnrin náà máa bu oògùn eku sínú ẹ̀kọ mímu bàbá, á gbé e fún un, á sì jókòó tì í títí ẹ̀mí á fi bọ́, kó lè jogún ilé. Hidayah kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Rewájú lọ sẹ́yìnkùlé.

“Kí lèyí?”

“Ibi tí ìtàn náà ń lọ nìyẹn, Àǹtí. Fíìmù abanilẹ́rù ni. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kú, ta ló máa wò ó?”

“Nínú ilé yìí? Pẹ̀lú fìlà yìí? Èmi?”

“Fíìmù ni.”

“Wo ojú mi. Ṣé ohun tí o rò nípa mi nìyẹn?”

Wáyà kan wà lọ́wọ́ Rewájú, ó ń lọ́ ọ, ó ń tú u. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Mi ò mọ ohun tí mo rò. Wọ́n pè mí pé bàbá mi ti kú, ẹ̀yin tí mò ń sanwó fún ò sì sí ńbẹ̀. Mo délé, gbogbo àdúgbò ń sọ nǹkan tí bàbá mi fẹ́ràn, nǹkan tí bàbá mi ò fẹ́ràn, ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹni tí mo háyà mọ bàbá mi jù mí lọ. Kí ni kí n wá fi ìyẹn ṣe?”

Ó yẹ kí Hidayah gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n “ò sì sí ńbẹ̀” ti bọ́ sójú egbò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó padà wọlé. Ó bu ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe oògùn sínú ẹ̀kọ, ó rò ó pọ̀, ó gbé e fún Ajíbóyè. Ajíbóyè mu, ó di àyà mú, ó sì ṣubú sẹ́yìn lórí àga. Fìlà jábọ́. Hidayah kúnlẹ̀, ó gbé fìlà náà mọ́ àyà, ẹkún sì já lẹ́nu rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan.

“Pàpá, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo tọrọ.”

Rewájú ò dá kámẹ́rà dúró.

Nígbà tí fíìmù náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, *Ọ̀rẹ́ Olóṣù* ni wọ́n pè é. Rewájú ti gé ọ̀rọ̀ ẹnu Hidayah kúrò, ó fi ẹkún sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń wò ó, apànìyàn ló ń sun ẹkún èké. Ó tàn bí iná ọyẹ́. Àwọn tó wò ó ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin yìí mọ ìkà ṣe, pé ó jọ pé ó wà lára rẹ̀. Ní Imeke, wọ́n mọ ilé náà, wọ́n mọ fìlà náà. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́: ṣé kì í ṣe ọmọ bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe fíìmù yìí? Ṣé ó máa ṣe é lásán? Ẹni tó ń kí Hidayah tẹ́lẹ̀ wá ń wo ilẹ̀ kọjá.

Ìdílé kan ní Ajido ti ní kó wá máa bá ìyá àwọn jókòó. Déọlá, ọmọ ìyá náà, pè é. “Ẹ má bínú, mà. Èmi mọ̀ pé eré ni. Àwọn àbúrò mi ló ní àwọn ò lè sùn bí ẹ bá ń jókòó ti ìyá wa.” Hidayah ní kò burú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rewájú wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó ti rù. Ó ní òun ti bẹ ẹni tó ra fíìmù náà lọ́wọ́ òun pé kó mú un kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ní láéláé, pé àwọn èèyàn ṣì ń wò ó. Ẹyin lohùn, tirẹ̀ sì ti bọ́ sọ́jà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀. 

“Àǹtí, ṣé bàbá mi máa ń bèèrè mi?”

“Lójoojúmọ́.”

“Kí lẹ máa ń sọ?”

“Màá ní o pè nígbà tí wọ́n ń sùn. Màá ní o ní kí wọ́n jẹun. Wọ́n á wá jẹun.”

“Mi ò pè.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ò sọ fún mi rí.”

“O ò bèèrè.”

Rewájú bo ojú, ó ń sunkún. Hidayah wò ó. Ó fẹ́ na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà ò lọ. Ó bomi fún un. Rewájú mu ún, ó di ife náà mú títí òjò fi dá, ó sì lọ.

Nígbà tí oṣù parí, Hidayah di ẹrù rẹ̀, ó ń padà sí Ìlaròó lọ́dọ̀ Àmínátù. Ajíbóyè nìkan ló bá a gbé e dé gáréèjì.

“Ìyáa wa,” ni Ajíbóyè wí, “nígbà tí ẹ ń sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo la ojú díẹ̀. Mo rí i pé kì í ṣe eré.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

Ó wọlé sínú mọ́tò, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì kọjú síwájú.