Ojú Obìnrin Ara Òpó

"Má gbá a mọ́!"

Ògúnjìnmí káfíńtà dá òòlù rẹ̀ dúró. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ ère obìnrin tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú agogo lọ́wọ́ lára òpó ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ìjọ Ìbítóyè tó kígbe sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi èékánná họ ọ́.

Ọdún tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ni, lábúlé kan lẹ́yìn Ìlọ́fà. Wọ́n fẹ́ mú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà fẹ̀ sí i, ilé Bilikis, arúgbó Mùsùlùmí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ni wọn yóò wó. Gbogbo ìjọ gbà pé bàbá àgbà Ìbítóyè ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀, pé orí ilẹ̀ yẹn náà ni ilé Bilikis wà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti kó ẹrù arúgbó náà síta. Katapílà ń bú ramúramù lójú títì.

Màríà ni wọ́n ń pe ère náà. Bí ìkórè bá kù dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ a kùn ún lọ́dà búlúù, ọ̀dà lórí ọ̀dà, títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ilà kan wá hàn lábẹ́ rẹ̀ báyìí, ó tẹ̀ bíi dòjé.

"Bàbá, Màríà wo ló kọlà?" Ògúnjìnmí rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Gbogbo wọn mọ̀ pé ilà ẹni tó ni ilé ni agbẹ́gilére ibẹ̀ máa ń fà sójú ère òpó. Wọn kì í kọlà nílé Ìbítóyè.

"Ẹ ò rí ilẹ̀ mìíràn fún Jésù àfi ìdí àdògán tí mo fi ń dáná?" Bilikis ń pariwo bọ̀. Ó dé ìdí òpó, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà. Ilà kan náà ló wà lójú tirẹ̀.

"Ìyá bàbá mi rèé," ló wí. "Agogo tó ń lù pe èèyàn sí àdúrà Jésù nínú ilé rẹ̀ yìí nìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí òwò gbé bàbá mi dé Ìlọrin la tó ń kírun."

Ọláoyè, akọ̀wé ìjọ, fa Ìbítóyè sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Bàbá, ọ̀dà ṣẹ́kù nínú garawa. Ẹ jẹ́ ká tètè kùn ún. Àbí orúkọ bàbá àgbà yín lẹ fẹ́ bàjẹ́?"

Ìbítóyè wo òkè ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n kọ orúkọ náà sí. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó dé garawa náà, ó sì jókòó lé e.

"Ọláoyè, lọ sọ fún oníkatapílà kó yí padà." Ó kọjú sí Bilikis. "Màmá, ẹ máa kó ẹrù yín wọlé."

"Èmi kọ́ ni mo kó o jáde."

Ìbítóyè dìde. Ìkòkò omi ló kọ́kọ́ gbé.