Kọ̀ǹpútà Ojú Fèrèsé

"Ṣé irun wà lórí àpótí yìí ni?" Obìnrin tó jókòó síwájú dígí ló béèrè bẹ́ẹ̀. Irun tirẹ̀ ò tíì ju ìdajì lọ, onídìrí sì ti fi í sílẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìpara tí wọ́n fi ń sọ irun dúdú di pupa sára ike kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Bí oòrùn yìí bá fi lè wọ̀, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́. Tó o bá kùn ún tán, bá a fi yẹtí sí i létí."

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀rá wé ike náà, ó gbé e síta. Bó bá pẹ́, oòrùn nìkan máa ń mú irú ike bẹ́ẹ̀ pọ́n, àmọ́ ìpara àti oòrùn ló máa ń jọ bọ́ àwọ̀ pípọ́n náà kúrò. Ó ti ṣe é fún àwọn tó kó jọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà kan, tí àwọn ẹlòmíì ti dà nù. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, á tan ọ̀kan, á jókòó tì í. Ojú tẹlifíṣọ̀n á dà bí ojú ọ̀run, àmì kékeré kan á máa ṣẹ́jú níbẹ̀, á máa dúró dè é. Ara rẹ̀ á fúyẹ́, á dà bíi pé ó ń lá àlá láìsùn.

Èyí yàtọ̀, ti bàbá rẹ̀ ni. Orí kọ̀ǹpútà yìí ni bàbá náà, akọ̀wé ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti kọ́ ọ ní títẹ̀wé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀ lórí àga. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni bàbá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì tíì tú báàgì rẹ̀. Abẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ ló gbé e sí. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á padà sílé òun, ilé tí kò sẹ́nì kankan mọ́. Àyà onídìrí máa ń já tó bá ti rí báàgì yẹn. Ó rò ó pé bí bàbá bá rí ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe wà ní tuntun, bóyá á dúró.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fọ ike náà, ó tò ó padà, ó gbé e sórí tábìlì ní yàrá bàbá, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó funfun báláú.

"Bàámi, ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá wò ó títí. "Ta ló ni èyí?"

"Tiyín ni."

"Tèmi kọ́. Tèmi pọ́n bí eyín amusìgá. Ìyá rẹ ló ní kí n gbé e sí ojú fèrèsé, kóun lè máa rí mi tóun bá ń sá aṣọ. Oòrùn ibẹ̀ ló mú ara rẹ̀ pọ́n. Ó máa ń sọ pé mo ti fẹ́ ìyàwó kejì, pé ara rẹ̀ sì tún pọ́n ju tòun lọ."

Ó wá yé onídìrí. Gbogbo ọdún táwọn òbí rẹ̀ fi ń wo ara wọn gba ojú fèrèsé yẹn, òun ló fi búrọ́ọ̀ṣì pa á rẹ́ lójúmọ́ kan. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ dárí jì mí, Bàámi. Mi ò mọ̀."

Bàbá fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó jókòó, ó na ìka, ó sì rọra tẹ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ohun tó ń léfòó láti ìsàlẹ̀ omi. Ó yíjú sí fèrèsé.

"Níbo lo máa ń sá tówẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù rẹ sí?"

Onídìrí nawọ́ sí fèrèsé. "Ìta ibẹ̀ yẹn."

"Jẹ́ ká sún tábìlì yìí síbẹ̀. Oòrùn á tún mú ara rẹ̀ pọ́n."

"Á pẹ́ o, Bàámi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni."

"Ṣé mo ń kánjú ni?" Bàbá ti di etí tábìlì mú. "Gbé báàgì yẹn kúrò lọ́nà."