Eérú Tí Òjò Ti Fọ̀

Ọdún kìíní tí Hàfísátù máa dá ọṣẹ sè fúnra rẹ̀ ní Ifangni ni ìkòkò ọṣẹ mẹ́ta bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ léraléra. Ó ro epo àti omi eérú pọ̀ lórí iná títí apá fi ro ó, síbẹ̀ epo léfòó, omi wà nísàlẹ̀, kò dì. Ó gbà pé epo ló ní àbùkù. Ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo tó kù, ó bu eérú díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gun alùpùpù lọ sí Ko-Koumolou, lọ́dọ̀ Justine tó ń ta epo fún un.

"Ìyá Géraud, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ pò mọ́ epo yìí?"

Inú bí Justine, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Jókòó ná. Eérú ńkọ́?"

"Mo mú díẹ̀ wá, kí ẹ lè rí i pé kò sí ohun tó ṣe é."

Justine gbé ajere méjì jáde, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí. Ó da eérú Hàfísátù sínú ọ̀kan, ó da tirẹ̀ sínú èkejì, ó sì rọra ń bu omi lé wọn lórí. Nígbà tí omi kán tó sínú abọ́ tó wà nísàlẹ̀ wọn, ó ní kí Hàfísátù fi ìka kàn án. Ti Justine pọ́n bíi tíì, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ti Hàfísátù kò yàtọ̀ sí omi kànga.

"Ta ló fún ọ ní eérú yìí?"

"Ọkọ mi ló kó o wá láti oko wa ní Tchaada."

Hàfísátù pe Mùríìdì, ọkọ rẹ̀, lórí fóònù. Ọkùnrin náà ní, "Òjò pa á lẹ́ẹ̀mejì níbi tí mo kó o jọ sí, ṣùgbọ́n mo sá a dáadáa kí n tó dì í."

Géraud, ọmọ Justine tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti ń gbọ́ wọn láti ìdí tábìlì tó ti ń wo ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Voilà, òun nìyẹn. Òjò ti ṣe iṣẹ́ ajere kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, Tàńtí. Ohun tó ń sọ epo di ọṣẹ ti bá omi wọlẹ̀ lọ."

Hàfísátù ní, "Kí ló dé tí omi fi ń gba nǹkan báyìí? Iyọ̀, ṣúgà, eérú. Epo nìkan ló kọ̀ fún un."

"Ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ní apá méjì tí agbára wọn kò jọra. Iyọ̀ náà jẹ́ oríṣi ẹyọ méjì tó ń fa ara wọn mọ́ra. Bí omi bá yí i ká, apá kan á fa ẹyọ kan, apá kejì á fa èkejì, títí wọn á fi túká sínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni agbára eérú rí. Ṣúgà kò pín sí méjì bí iyọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tí omi lè dì mú. Omi ò rí ibi mú lára epo."

Hàfísátù kúnlẹ̀ síwájú Justine. "Ẹ má bínú, Ìyá Géraud. Mo ti fẹ̀sùn kàn yín."

"Dìde, jàre. Èmi náà ti da ọṣẹ nù rí."

Justine bu eérú tirẹ̀ fún un, wọ́n dá iná níbẹ̀, wọ́n sì gbé epo inú kẹ́ẹ̀gì náà àti omi eérú yẹn ká a. Wọ́n ń gba igi tí wọ́n fi ń ro ó lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí ìyàwó Géraud ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, ọṣẹ ti ki nínú ìkòkò. Hàfísátù tẹjú mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.