Ọjọ́ Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọ Odò

Fadérera, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nípa àyíká ní yunifásítì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó ní, “Àǹtí, mo lá àlá kan lóru àná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.” Bó ṣe sọ ọ́ nìyí.

Kó tó di pé ó lá àlá ọ̀hún, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní abúlé kan, wọ́n ń yẹ omi odò ibẹ̀ wò. Odò náà ni gbogbo abúlé ń mu. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ ni wọ́n fẹ́ sọ fún baálẹ̀ bóyá kí wọ́n máa mu ún lọ, tàbí kí wọ́n jáwọ́.

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì wọn ti kúrò ní yunifásítì, ó ń léfòó lórí odò, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ọ̀pẹ. Omi mu wọn dé orúnkún, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lọ láìráhùn. Ẹja kan fẹ́ kọjá. Táyélolú, ọ̀rẹ́ Fadérera, yẹ ẹsẹ̀ fún un: “Ẹ má bínú, Màmá.” Fadérera ní ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ ilé o.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnsuyì, ọ̀gá wọn, dìde láti sọ̀rọ̀. Kó tó parí gbólóhùn kan, ó ti di òbúkọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n kàn sún tábìlì sẹ́yìn kí ìwo rẹ̀ lè ráyè.

“Fadérera,” ni òbúkọ wí, “omi dà?”

Fadérera gbé ìgò tó fi bu omi odò jáde. Ìgò ní, “N kò jẹ́rìí o! Wọ́n máa ń fi omi odò ṣan inú àwọn ẹgbẹ́ mi kí wọ́n tó bu omi sí wọn. Ìwọ kánjú, o kàn tì mí bọ omi. Eruku ilé ṣì wà níkùn mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé odò ló sọ ọ́ ni, àbí eruku?”

Táyélolú bú sẹ́rìn-ín. “Oníkánjú! Àbí ọkọ ń dúró dè ọ́ nílé ni?”

Fadérera ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń fọwọ́ bu omi náà mu ló ń rò. “Sà, ẹ jẹ́ kí n lọ tún un bù.”

Òbúkọ wo omi. Ẹ̀yin náà mọ bí òbúkọ ṣe bẹ̀rù omi tó. Bí òjò bá kán sí i lára, á ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ̀n láti orí dé ìrù. Ó dijú, ó sì kó sódò.

“Mẹ̀ẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ ká lọ!”

Gbogbo wọn rọ́ tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì já okùn, òun náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Fadérera ní òun ò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó òbúkọ yẹn rí.

Ó jí. Ilẹ̀ ti mọ́, òjò ń rọ̀ wínniwínni. Ó wá rántí pé lóòótọ́ lòun ò ṣan ìgò náà. Bó bá pa á mọ́ra, ta ni yóò mọ̀? Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó jẹ́wọ́, ó ń retí èébú.

“O ṣeun tí o sọ,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Baálẹ̀ á dúró dè wá.”

Kò pẹ́ tó fi yọ, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀, ó ń run orín wọ̀mùwọ̀mù.

“Sà, ẹ jẹ́ kí n wá agbòjò fún yín.”

“Agbòjò kẹ̀? Ìgò ni kó o mú.”

Ó kọjú sọ́nà odò, ó ń lọ nínú òjò, kò wẹ̀yìn.